Ṣé prime ni 1,234,567? Ìdáhùn sí bàbá akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òkè-Fíà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà. Bísí ọmọ mi tó wà ní SS2 níbí ní Òṣogbo ń múra sílẹ̀ fún ìdíje ìṣirò. Wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún wọn wá sílé: "Kọ gbogbo ohun tí o bá rí nípa 1,234,567, kí o sì fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀." Òun àti Kọ́lá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gbogbo nọ́ńbà prime láti orí 2 títí dé 97 pín in, kò sí ọ̀kan tó pín in tán. Wọ́n ní a jẹ́ pé prime ni. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní lẹ́sìnì ìrọ̀lẹ́ náà ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Pákó ni èmi ń tà, n kò ka ìṣirò jìnnà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á pé kí wọ́n dúró ní 97. Ṣé ó tó? Kí ló sì tún wà lára irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tí ọmọ lè kọ? Bàbá Kọ́lá, Òkè-Fíà.

Ìdáhùn: Bàbá Kọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kò tó. 1,234,567 kì í ṣe prime. 127 pín in tán, ìgbà 9,721 ló wọ inú rẹ̀, kò sì ṣẹ́ ku ẹyọ kan.

Ibi tí àwọn ọmọ náà ti dáwọ́ dúró ló ká mi lára. Lẹ́yìn 97, prime tó kàn ni 101, lẹ́yìn rẹ̀ 103, 107, 109, 113, ó sì di 127. Mẹ́fà péré ló kù kí ọwọ́ wọn tẹ̀ ẹ́.

Kí ẹ lè bá wọn dá sí i nílé, ẹ jẹ́ kí n fi ìsọ̀ yín ṣàlàyé ohun tí prime jẹ́. Tí pákó 12 bá wà nílẹ̀, ẹ lè dì í ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí ní mẹ́rin-mẹ́rin, ìdì gbogbo á sì dọ́gba. Tí ó bá jẹ́ 13, bó ti wù kí ẹ dì í, ìdì kan á dín tàbí kí pákó ṣẹ́ kù sílẹ̀, àfi tí ẹ bá di gbogbo rẹ̀ pọ̀ lójú kan tàbí tí ẹ tò ó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. 13 yẹn ni prime. Pákó 1,234,567, ẹ lè dì í ní 127-127, ẹ ó ní ìdì 9,721. Ẹ sì lè dì í ní 9,721-9,721, ẹ ó ní ìdì 127. Kò tún sí ọ̀nà kẹta.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò gba kọ̀ǹpútà. Ẹ ní kí Bísí mú bírò. 127 × 7,874 jẹ́ 999,998, ìyẹn mílíọ̀nù kan ó dín 2. Nítorí náà tí a bá fi 127 pín mílíọ̀nù kan, 2 ló máa ṣẹ́ kù. Kí ó yọ mílíọ̀nù kan tó wà níwájú nọ́ńbà wa kúrò, kí ó fi 2 dípò rẹ̀: 234,567 + 2 jẹ́ 234,569. Ó wá kan ẹgbẹ̀rún. 127 × 8 jẹ́ 1,016, a jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún kan fi 16 dín sí ohun tí 127 pín tán. Ẹgbẹ̀rún 234 á fi 234 × 16 dín, èyí tó jẹ́ 3,744. A ní 569 lọ́wọ́ láti fi dí i. Kí ó yọ 569 kúrò nínú 3,744, ó ku 3,175. 127 × 25 gan-an nìyẹn. Gbèsè náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí 127 pín tán, nítorí náà kò sí ìyókù kankan níbì kankan.

Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ọ̀nà yìí, kí ó ṣe é tààrà: 127 × 9,700 = 1,231,900; 127 × 21 = 2,667; ẹ ro méjèèjì pọ̀. Èmi fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ torí pé ó fi hàn bí a ṣe lè dán nọ́ńbà ńlá wò láìgbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

9,721 ńkọ́, ṣé prime ni òun? Ẹ fún mi ní etí dáadáa níbí, torí ibí ni iṣẹ́ tí àwọn ọmọ yín ti ṣe ti wúlò. Ká ní prime kan láti 2 dé 97 pín 9,721 tán, ìbá pín 1,234,567 náà tán dandan, torí inú rẹ̀ ni 9,721 wà. Wọ́n sì ti dán gbogbo wọn wò, kò sí èyí tó pín in. Ó ku ká mọ̀ bóyá 97 tó fún 9,721. Ó tó: 98 × 98 jẹ́ 9,604, 99 × 99 sì jẹ́ 9,801, ó ti kọjá. 9,721 ni wọ́n ṣe ẹ̀rí fún tí wọn kò mọ̀. Kí Bísí kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀, máàkì wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí 98 tàbí 99 fi ṣe pàtàkì báyìí? Ìdáhùn ìbéèrè yín gan-an nìyẹn, Bàbá Kọ́lá: ibo ló yẹ kí ènìyàn dúró? Tí nọ́ńbà kan bá fọ́ sí méjì, A × B, àwọn méjèèjì kò lè ga jù pa pọ̀. Ẹ wo tiwa yìí. 1,111 × 1,111 jẹ́ 1,234,321, kò tíì tó. 1,112 × 1,112 jẹ́ 1,236,544, ó ti kọjá. Bí A àti B bá jẹ́ 1,112 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èsì wọn á ti fò kọjá 1,234,567. Nítorí náà ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ 1,111 tàbí kó kéré sí i. Ẹni tó bá dán gbogbo prime wò dé 1,111 tí kò rí nǹkan, ó lè fi ọkàn balẹ̀ kọ ọ́ pé prime ni. Ẹni tó bá dúró ṣáájú ibẹ̀, àbá lásán ló kọ, kì í ṣe ẹ̀rí. Láti 2 dé 1,111, prime 186 ló wà. 25 làwọn ọmọ yín lò.

Mo mọ ohun tí ẹni tó ń kọ́ wọn ní lẹ́sìnì máa sọ: pé nọ́ńbà tí prime 25 wọ̀nyẹn kò pín, ó ti sún mọ́ prime pẹ́kípẹ́kí. Ká wò ó. Ní agbègbè mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ yìí, nǹkan bí nọ́ńbà kan nínú 14 ni prime, ìyẹn bíi 7 nínú 100. Nọ́ńbà tó máa la ìdánwò 2 dé 97 kọjá á tó bíi 12 nínú 100. Ẹ fi 7 wé 12. Nínú mẹ́wàá tó bá la ìdánwò àwọn ọmọ yín kọjá, nǹkan bíi mẹ́rin ni ayédèrú. N kò ní gba tẹ́tẹ́ tó rí báyẹn, ká má tì í sọ pé kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìdíje.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dá a lẹ́bi jù. Àwọn tó ju gbogbo wa lọ ti ṣe irú rẹ̀. Pierre de Fermat, amòfin ará Faransé ní ọ̀rúndún 17, gbà gbọ́ pé prime ni gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú ẹbí kan tó ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: 3, 5, 17, 257, 65,537. Òótọ́ ni fún àwọn márùn-ún yìí. Èyí tó tẹ̀ lé wọn ni 4,294,967,297, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Ní 1732 Leonhard Euler fi hàn pé 641 pín in tán, ìgbà 6,700,417 ló wọ inú rẹ̀. 641 kì í ṣe nọ́ńbà tó farapamọ́. Tí a bá ka prime láti orí 2, òun ni ìkẹrìndínlọ́gọ́fà, 116. Euler kò tilẹ̀ gbìyànjú gbogbo wọn, ó kọ́kọ́ wádìí irú prime tó lè pín irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ó sì pa èyí tó pọ̀ jù tì.

Ó kan apá kejì ìbéèrè yín. Nǹkan wà lára 1,234,567 tó pọ̀ ju pé ó jẹ́ prime tàbí kò jẹ́ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ gba ọgbọ́n kékeré kan tí kò jẹ́ kí pínpín sú ọmọ. 7 × 11 × 13 jẹ́ 1,001. Nítorí náà ẹgbẹ̀rún kan dà bíi "dín 1" lójú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mílíọ̀nù sì dà bíi "lé 1". Kí Bísí gé nọ́ńbà náà sí fígọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta láti ẹ̀yìn, kí ó máa fi ọ̀kan kún, kí ó máa yọ èyí tó kàn: 567 − 234 + 1 = 334. Ohun tí 334 bá ṣẹ́kù, òun ni 1,234,567 máa ṣẹ́kù. Pẹ̀lú 7 ó ṣẹ́ku 5, pẹ̀lú 11 ó ṣẹ́ku 4, pẹ̀lú 13 ó ṣẹ́ku 9. Ìdánwò mẹ́ta lórí ìlà kan. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun fẹ́ràn èyí débi pé wọ́n ń fi nọ́ńbà ara mọ́tò dán an wò bí wọ́n bá dúró ní Ọláìyá. Ti 3 àti 9, wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti júníọ̀: ẹ ro fígọ̀ pọ̀, 1 + 2 + 3 + 4 + 5 + 6 + 7 jẹ́ 28, 28 sì ṣẹ́ku 1 pẹ̀lú méjèèjì.

Àmọ́ ìyókù tó wù mí jù lọ ni ti 8. 8 pín 1,000 tán, nítorí náà fígọ̀ mẹ́ta ìkẹyìn nìkan ló kàn án. 567, ẹ yọ 560 kúrò, ó ku 7. Ẹ máa wo ohun tí 7 kékeré yìí gbé wá.

Square ni nọ́ńbà tí a bá fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀: 1, 4, 9, 16, 25 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi 8 pín wọn. 1 ṣẹ́ku 1. 4 ṣẹ́ku 4. 9 ṣẹ́ku 1. 16 kò ṣẹ́ku nǹkan. 25 ṣẹ́ku 1. 36 ṣẹ́ku 4. 49 ṣẹ́ku 1. 64 kò ṣẹ́ku nǹkan. Lẹ́yìn ìyẹn ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí, bó ṣe máa rí títí láé nìyẹn. Kò sí square tó máa ṣẹ́ku 2, tàbí 3, tàbí 5, 6, 7. Àfi 0, 1 àti 4.

Wàyí o, ṣé a lè ro square méjì pọ̀ kó di 1,234,567? Ẹ mú méjì nínú 0, 1, 4: ìròpọ̀ wọn á ṣẹ́ku 0, 1, 2, 4 tàbí 5. Kò sí 7. Square mẹ́ta ńkọ́? Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò lórí ìwé, kò pọ̀: 1 + 1 + 1 jẹ́ 3, 4 + 1 + 1 jẹ́ 6, 4 + 4 + 1 jẹ́ 9 tó ṣẹ́ku 1, 4 + 4 + 4 jẹ́ 12 tó ṣẹ́ku 4. Ẹ fi 0 sí i bó ti wù yín, 7 kò ní jáde. A jẹ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti wá square mẹ́ta tí ìròpọ̀ wọn jẹ́ 1,234,567, òfo ni yóò mú bọ̀. A mọ̀ bẹ́ẹ̀ láìwá ẹyọ kan. Irú ẹ̀rí báyìí ni mo máa ń fẹ́ kí ọmọ rí kó tó jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, torí pé ó yàtọ̀ sí kí ènìyàn máa pín nọ́ńbà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Mẹ́rin ńkọ́? Joseph-Louis Lagrange ti fi ẹ̀rí hàn ní 1770 pé kò sí odidi nọ́ńbà kan, bó ti wù kó tóbi tó, tí square mẹ́rin kò lè gbé. Ti wa yìí gba gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé pérépéré, kò lè dín. Ọ̀kan nìyí tí mo fi ọwọ́ ṣe. 1,111 × 1,111 tí a rí lẹ́ẹ̀kan, 1,234,321, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú nọ́ńbà wa, ó ku 246. 14 × 14 jẹ́ 196, ó ku 50. 7 × 7 jẹ́ 49, ó ku 1. Nítorí náà:

1,234,567 = 1,111² + 14² + 7² + 1²

Ẹ tún wò ó dáadáa. Kí ìyókù tó lè jẹ́ 7, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà: 1 + 1 + 1 + 4. Ìyẹn ni pé nínú nọ́ńbà mẹ́rin tí ènìyàn bá lò, mẹ́ta gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí 2 kò pín tán, ẹ̀kẹrin á jẹ́ èyí tí 2 pín ṣùgbọ́n tí 4 kò pín. 1,111, 7 àti 1 wà lápá kan, 14 dá wà. Kì í ṣe bí mo ṣe fẹ́ ni mo ṣe yàn wọ́n, nọ́ńbà náà ló pàṣẹ.

Tí ó bá jẹ́ pé ká fi square kan yọ òmíràn ni, ìyẹn rọrùn. 4,924² − 4,797² jẹ́ 1,234,567. Mo mú 127 àti 9,721, mo wá àárín wọn, 4,924, àti ìdajì ìyàtọ̀ wọn, 4,797. Fermat tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀nà kan tó fi irú èyí ṣe àwárí ohun tó pín nọ́ńbà: ó máa bẹ̀rẹ̀ láti orí 1,112, á sì máa gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dára gan-an tí àwọn méjèèjì bá sún mọ́ ara wọn. Fún tiwa, 127 jìnnà sí 9,721, ìgbésẹ̀ tó ju 3,800 lọ ni yóò gbé kó tó dé 4,924. Pínpín lásán yá jù ú lọ níbí.

Àwọn tó kù kò gba àlàyé gígùn. Nọ́ńbà mẹ́rin péré ló pín 1,234,567 tán: 1, 127, 9,721 àti òun fúnra rẹ̀. Tí a bá yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò, ìròpọ̀ àwọn tó kù jẹ́ 9,849, ó kéré sí i púpọ̀. Nínú gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, 126 × 9,720, ìyẹn 1,224,720, ni kò ní ohun tó pín òun àti 1,234,567 yàtọ̀ sí 1. Lédè kọ̀ǹpútà tó jẹ́ 0 àti 1, bó ṣe rí nìyí: 100101101011010000111. Fígọ̀ 21, tí 1 wà nínú rẹ̀ nígbà 11.

N kò lè fi 127 sílẹ̀ báyìí o, torí ìran rẹ̀ kì í ṣe ìran yẹpẹrẹ. Tí ẹ bá sọ 2 di púpọ̀ nígbà méje, ìyẹn 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2, 128 ni, ẹ yọ 1, ó di 127. Irú prime tó ń jáde báyìí láti ara 2 ni à ń pè ní Mersenne, orúkọ àlùfáà kan ní Faransé. Euclid ti fi hàn láti ayé àtijọ́ pé Mersenne kọ̀ọ̀kan ló ń bí nọ́ńbà pípé kan: 64 × 127 jẹ́ 8,128, tí ẹ bá ro gbogbo ohun tó pín 8,128 pọ̀ láìka òun fúnra rẹ̀, 8,128 náà ni ẹ máa bá. Ó tún wá gòkè sí i: ẹ fi 127 dípò 7, ẹ sọ 2 di púpọ̀ nígbà 127, ẹ yọ 1. Ní 1876 Édouard Lucas fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé prime ni nọ́ńbà yẹn. Fígọ̀ 39 ló ní. Kò sí prime tó tóbi jù ú tí ẹ̀dá mọ̀ títí di 1951. Èyí tó tóbi jù tí a mọ̀ báyìí, ọdún 2024 ni wọ́n rí i, ìdílé kan náà ló ti wá, iye ìgbà tí wọ́n sọ 2 di púpọ̀ jẹ́ 136,279,841, fígọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 41,024,320. Ẹ ò rí i pé àwọn ọmọ yín dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ńlá.

Kọ́lá lè béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé nọ́ńbà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ prime nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lè pín in dé òpin. Wọn kì í pín in. Fermat yìí náà ló fi hàn pé tí nọ́ńbà kan, ká pè é ní N, bá jẹ́ prime tó ju 2 lọ, tí a sọ 2 di púpọ̀ nígbà N dín 1, tí a fi N pín in, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Tí kò bá jẹ́ 1, N kì í ṣe prime, bí a kò tilẹ̀ mọ ẹni tó pín in. Kọ̀ǹpútà ń ṣe èyí láìpẹ́ rárá. Fún tiwa, a lè rí i lójú ayé: 2 nígbà 7 jẹ́ 128, ó ṣẹ́ku 1 pẹ̀lú 127. Ìgbà tí a fẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀ jẹ́ 1,234,566, èyí tí 7 pín tó ṣẹ́ku 4. Nítorí náà lójú 127, ohun tó kù jẹ́ 2 nígbà 4, ìyẹn 16. Kì í ṣe 1. Tí kò bá jẹ́ 1 lójú 127, kò lè jẹ́ 1 lójú 1,234,567. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìdánwò yìí nìkan kéde pé nǹkan jẹ́ prime o: 341 la á kọjá, 11 × 31 sì ni. Ẹ̀rí pé kì í ṣe prime ló dájú nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ prime yìí kì í ṣe eré inú ìwé nìkan. Ó rọrùn láti sọ prime ńlá méjì di púpọ̀, ó le kókó láti tú wọn ká. Lórí ìyàtọ̀ yẹn ni Rivest, Shamir àti Adleman gbé ọ̀nà àṣírí kan kà ní 1977, èyí tí ọ̀pọ̀ ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń lò. Nọ́ńbà tiwọn fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún fígọ̀ gùn ju tiwa lọ.

Ẹ jẹ́ ká kà á lọ́nà tiwa náà, torí ó máa fún Bísí ní ohun tí àwọn tó kù kò ní kọ. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Nínú 1,234,567, ọ̀kẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta wà, ó ku 14,567. Ẹgbàá méje nínú ìyẹn, ó ku ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ogún ni ìpìlẹ̀ ìṣirò àwọn baba wa: ogún, irinwó tó jẹ́ ogún lọ́nà ogún, 8,000, ọ̀kẹ́ mẹ́jọ tó jẹ́ 160,000. Tí a bá tú nọ́ńbà wa sórí wọn, ó máa jẹ́ 160,000 méje, 8,000 mẹ́rìnlá, irinwó mẹ́fà, ogún mẹ́jọ àti eéje. 7, 14, 6, 8, 7.

Bí àwa tó ń ka ìdì mẹ́wàá ṣe ń ro fígọ̀ pọ̀ láti mọ ti 9, ẹni tó ń ka ogún-ogún á máa ro tirẹ̀ pọ̀ láti mọ ti 19. 7 + 14 + 6 + 8 + 7 jẹ́ 42, 19 pín in, ó ṣẹ́ku 4. Ẹ fi ẹ̀rọ ìṣirò wò ó, 1,234,567 ṣẹ́ku 4 pẹ̀lú 19. Bí a ṣe ń fi kún tí a ń yọ kúrò láti mọ ti 11, òun á fi mọ ti 21: 7 − 8 + 6 − 14 + 7 jẹ́ dín 2, ẹ fi 21 kún un, ó di 19. 19 ṣẹ́ku 5 pẹ̀lú 7, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni 1,001 ti sọ lẹ́ẹ̀kan. 21 jẹ́ 3 × 7, a jẹ́ pé ẹni tó ń ka ogún rí 7 kedere ju àwa tó ń ka mẹ́wàá lọ.

Èyí ló mú kí n ṣe ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kí Bísí ṣe nínú iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ máa sáré kọ irú ìwọ̀nyí: 1,234,567 × 8 + 7 jẹ́ 9,876,543, 1,234,567 × 9 + 8 jẹ́ 11,111,111, 1,111,111 × 1,111,111 jẹ́ 1,234,567,654,321. Ó lẹ́wà, kó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń kọ nọ́ńbà ní mẹ́wàá-mẹ́wàá ló mú un wá. Ẹ kọ ọ́ ní ogún-ogún, ẹwà yẹn ti lọ. Pé 127 pín in, pé square mẹ́ta kò lè gbé e, ìyẹn kò yí padà, ìbáà jẹ́ ọ̀kẹ́ la fi kà á tàbí 0 àti 1. Kí ó fi ti ara nọ́ńbà síwájú, kí ó fi ti ìkọ̀wé sẹ́yìn.

Bó ṣe yẹ kó tò ó nìyí. Kó kọ́kọ́ kọ 127 × 9,721 pẹ̀lú ẹ̀rí mílíọ̀nù àti ẹgbẹ̀rún tí mo fi hàn. Kó tẹ̀ lé e pẹ̀lú pé 9,721 jẹ́ prime, kí prime 25 tí wọ́n ti lò ṣe ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn náà ti square, torí ibẹ̀ ni olùdájọ́ máa mọ ẹni tó ronú. Ẹ fi ìwé náà han ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìdákẹ́jẹ́, kì í ṣe lójú àwọn ọmọ.

Tí ọwọ́ Bísí bá dilẹ̀, kó má da square mẹ́rin tèmi kọ, kó wá tirẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ láti orí 1,110, tí 2 pín ṣùgbọ́n tí 4 kò pín. 1,110 × 1,110 jẹ́ 1,232,100, ó ku 2,467 tí square mẹ́ta gbọ́dọ̀ pín láàárín ara wọn, gbogbo wọn á jẹ́ irú èyí tí 2 kò pín tán. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ 1. Méjì tó kù wà láàárín 20 àti 50.